Ẹ Má Sọ fún Mujeebat

Auntie Ganiyat kò tíì kírun àsùbáà tán ní Thamesmead nílẹ̀ òyìnbó nígbà tí Uncle Mìkáílù, ìbátan rẹ̀, pè é láti Plumstead. Alhaji, àbúrò Auntie, ti kú ní ọsibítù n'Ìbàdàn. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni wọ́n máa sin ín.

"Auntie, ẹ má sọ fún Mujeebat o," ni Uncle wí. "Èmi àtàwọn àgbà máa wá nírọ̀lẹ́. Ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ phone."

Mujeebat ni àkọ́bí Alhaji. Ọ̀dọ̀ Auntie ló ń gbé, tó ń kọ́ nípa ilé kíkọ́ ní yunifásítì. Òun àtàwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fẹ́ lọ wo Rye, ìlú àtijọ́ kan lórí òkè, lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ó ti ṣèlérí fún bàbá rẹ̀ pé òun á fi fídíò pè é láti ibẹ̀, kó lè rí i bóyá òkè òyìnbó tó Òkè Màpó.

Ẹ̀rù ba Auntie. A kì í túfọ̀ òbí fún ọmọ láàrin àjèjì. Bó bá lọ gbọ́ ọ lórí òkè níbi tẹ́nikẹ́ni ò ti mọ Alhaji, ta ni yóò dì í mú?

"Màá bá ẹ lọ," ó wí. "Off ni mo wà lónìí."

Mujeebat kò béèrè ìdí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Auntie. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ dá wà nílé. Phone mi ò ṣiṣẹ́, mo ti fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi tiyín náà sílẹ̀, ká kàn enjoy ara wa."

Auntie ní lọ́kàn rẹ̀ pé Ọlọ́run ló bá òun ṣe é.

Woolwich ni wọ́n ti wọ bọ́ọ̀sì. Ojú lọ̀rọ̀ wà, nítorí náà Auntie kọjú sí fèrèsé títí wọ́n fi kọjá Shooters Hill. Mujeebat wọ jígí dúdú, bẹ́ẹ̀ oòrùn ò ràn. Auntie kà á sí fáàrí ọmọdé.

"Auntie, ẹ ti lo oògùn BP yín?"

"Mo ti lò ó."

Kò pẹ́ tó tún béèrè.

Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀nà tó gun òkè Rye. Bàbá arúgbó kan ń lọ níwájú wọn, ó dé fìlà funfun, ó káwọ́ sẹ́yìn bí Alhaji ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́.  Auntie yára fa Mujeebat síbi fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kan kó má baà rí i. Mujeebat ti kọjú síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ó di ọwọ́ Auntie mú gírígírí. Nígbà tí wọ́n máa fi wẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan lójú ọ̀nà mọ́.

Lókè pátápátá, Lọ́lá, ọmọ kíláàsì rẹ̀, na fóònù sí i. "Mujee, o ò tíì call daddy ẹ? Take mine, jàre."

"Network ò da ńbí," ni Auntie sáré sọ.

"Òótọ́ ni, kò da," ni Mujeebat dáhùn. Kò tilẹ̀ wo fóònù náà.

Wọ́n kírun ọ̀sán lórí koríko. Auntie mọ̀ pé àkókò yìí ni wọ́n ń bu yẹ̀pẹ̀ lé àbúrò òun, ó sì dùn ún dé egungun. Nígbà tó gbórí sókè, iwájú orí Mujeebat ṣì wà nílẹ̀. Àlàáfíà bàbá rẹ̀ ló ń tọrọ, Auntie rò bẹ́ẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe é.

Nírọ̀lẹ́, bàtà kún ẹnu ọ̀nà ní Thamesmead. Uncle Mìkáílù bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè. Ó ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Mujeebat.

Auntie sáré dìde láti dì í mú, ṣùgbọ́n Mujeebat ti rọ̀ mọ́ ọn ná, oògùn BP wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí kílẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́ ni Munir àbúrò rẹ̀ ti pè é láti Ìbàdàn pé, "Sister, Daddy ti lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Auntie o."