Láníyọnu àti Ewé Ẹnu Ọ̀nà

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa, ẹ̀yin ọmọ. Ọ̀gá ṣọ́jà kan wà tó ń jẹ́ Láníyọnu. Ìjọba rán òun àti ọmọ ogun méjìlá lọ sí Òkè Ayin, abúlé kan létí igbó, nítorí àwọn ajínigbé. Láníyọnu láyà, ó sì mọ ìbọn yìn, ṣùgbọ́n kò gbà pé ẹni tí kò wọ aṣọ ìjọba lè kọ́ òun ní ohunkóhun.

Ọjọ́ kẹta tó débẹ̀ ni wọ́n jí obìnrin mẹ́ta gbé níbi tí wọ́n ti ń ṣa èso ẹ̀mí tí wọ́n fi ń ṣe òrí. Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọdẹ́jìnmí olórí ọdẹ, wà lára wọn. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ọdẹ àti ṣọ́jà jọ wọgbó. Àbúrò Ọdẹ́jìnmí ti ṣíwájú lọ yẹ ọ̀nà wò.

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì, wọ́n bá ewé tútù lẹ́nu ọ̀nà apá ọ̀tún. Ní ilẹ̀ wọn, ẹni tó ṣíwájú ló máa ń já ewé dí ọ̀nà tí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò gbọdọ̀ gbà.

Ọdẹ́jìnmí di Láníyọnu lápá mú. “Ẹ dúró, ọ̀gá. Àbúrò mi ti dí ọ̀nà yìí. Òsì ni ká gbà.”

Oòrùn ti ń ga. Láníyọnu ń rò ó pé bí àwọn bá pẹ́, àwọn ajínigbé yóò ti kó àwọn obìnrin náà kọjá odò. Ó wo máàpù lórí fóònù rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. “Baba, ṣé ewé ló ń pàṣẹ fún ṣọ́jà níhìn-ín? Ọ̀tún ló yá jù.”

“Fóònù yín ò gbé inú igbó yìí rí. Ìyàwó mi ló wà lọ́hùn-ún o!”

“Ẹ̀rù ló ń bà yín. Ẹ máa tẹ̀ lé wa lẹ́yìn.”

Ó fẹsẹ̀ gbá ewé náà dànù.

Wọn ò tíì rìn ju ìwọ̀n ogún ebè lọ tí ẹyẹ fi dákẹ́. Lójijì, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti orí àpáta. Láníyọnu dojú bolẹ̀, erùpẹ̀ kún ẹnu rẹ̀. Wọ́n yìnbọn lu kọ́pùrà kan lára àwọn ọmọ ogun rẹ̀ nítan, ó ń ké. Àwọn ọdẹ tí Láníyọnu pè ní ojo ló yí gba ẹ̀yìn àpáta, tí wọ́n fi ìbọn ṣakabùlà lé àwọn ọ̀tá sá.

Ṣùgbọ́n ìró ìbọn ti ta àwọn ajínigbé tó kù lólobó. Nígbà tí ọdẹ àti ṣọ́jà gba ọ̀nà òsì dé ibùdó wọn, iná ṣì ń rú èéfín, kò sí ènìyàn kankan. Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, obìnrin méjì ló padà wálé. Àwẹ̀ró ò sí láàárín wọn; wọ́n ní ó ti kú sọ́wọ́ àwọn ajínigbé.

Láníyọnu lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ọdẹ́jìnmí, tòun taṣọ ìjọba.

“Dìde,” ni baba náà wí. “Ìdọ̀bálẹ̀ rẹ ò lè jí i.”

Ẹ̀yin ọmọ, bí agbára yín ti wù kó pọ̀ tó, bí ẹ bá dé ilẹ̀ onílẹ̀, ẹ gbọ́ ti onílẹ̀. Ìbọn ńlá kò mọ ọ̀nà. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.