Ẹ́ńjìnnì Bàbá Nínú Ọyẹ́

Ọyẹ́ mú ní Idigny láàárọ̀ yìí.

Sylvie, tí bàbá ń pè ní Àbẹ̀ní, jókòó sínú ọkọ̀ akẹ́rù bàbá rẹ̀, báàgì lórí itan. Ẹ́ńjìnnì ń kùn. Bọ́ọ̀sì tó máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Parakou wà ní Kétou.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Ẹ́ńjìnnì ò tíì gbóná, Àbẹ̀ní."

Bàbá mí kanlẹ̀, ó tún ṣàlàyé. Ẹ̀rọ tí mẹkáníìkì fi kún un ń fipá ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára. Nínú otútù, afẹ́fẹ́ á ki jù, ọ́ìlì á dì bí òrí. Téèyàn bá tẹná nígbà yẹn, irin inú rẹ̀ á là.

"Bó ṣe là lọ́nà Odomèta lọ́dún tó kọjá nìyẹn. Olúwa má jẹ̀ẹ́ ká tún rí i."

"Àmín. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ò ní dúró dè mí o."

"Díẹ̀ sí i."

Sylvie fi ìbínú sọ̀kalẹ̀. Ó gbọ́wọ́ lé ìdérí ẹ́ńjìnnì, ó yára fà á padà. Ó ti pẹ́ tó ti gbóná janjan.

Ó wo bàbá rẹ̀ láti ojú gíláàsì ọkọ̀. Ilé ni bàbá ń wò, ilé tí yóò máa dá gbé láti òní.

Sylvie padà wọnú ọkọ̀, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

"Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Kò tíì gbóná."