Ilẹ̀ Fẹ́ Mì ní Sakété

Rádíò Fàósátù arúgbó ń ké kẹ̀rẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀rẹ̀.

"Ẹ jáde!" ni arúgbó ń lọgun. "Wasáàpù ti sọ ọ́! Kí ilẹ̀ tó mì, agbára kan á kọ́kọ́ ti abẹ́ ilẹ̀ wá ké nínú rádíò!"

Ọmọ, ìyàwó ilé, tewúrẹ́ tàgùntàn, gbogbo wọn ya sí títì.

Bàlíkísù, ọmọ-ọmọ Fàósátù, bojú wẹ̀yìn. Kò rí ìyá àgbà rẹ̀.

Yéè! Ilé á wó pa á!

Ó sáré padà lọ pọ̀n ọ́n.

Ó bá arúgbó lórí ẹní, tó ń rẹ́rìn-ín sínú fóònù pọ́tábù tí ẹnìkan ò mọ̀ pé ó ní.

"Ògúnlékè mi, bó o ti fẹ́ pè báyìí ni rádíò ti ta mí lólobó. Mo ti lé gbogbo wọn síta. Gun alùpùpù bọ̀ láti Pobè kíákíá, ilé ti dá páropáro."