Ife Omi Iwájú Wúńdíá

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní abúlé Palmarito pé Obdulia ti jẹ́ ẹ̀jẹ́. Nígbà tí Yeison ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré lọ sí Puerto Rico, tí ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀, ó dìde nínú ilé ìjọsìn lójú gbogbo ayé. Ó ní bí Màríà Wúńdíá Altagracia bá lè jẹ́ kí òun gbọ́ ohùn ọmọ òun, òun ò ní fi oògùn àtọ̀gbẹ kan ẹnu mọ́ láyé, ọwọ́ Wúńdíá ni òun yóò fi ara òun sí. Kò pẹ́ tí Yeison fi pè lórí fóònù. Lọ́jọ́ náà gan-an, Obdulia gbé páálí oògùn rẹ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé, ó sọ ọ́ sínú iná níṣojú àwọn aládùúgbò. Páálí náà jó kíá bí ewé gbígbẹ, àwọn obìnrin sì pàtẹ́wọ́.

Eladio ọkọ rẹ̀ ò pàtẹ́wọ́. Àtọ̀gbẹ ló pa ìyá tirẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gé ẹsẹ̀ ìyá náà kan, lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ fọ́, kò sì sí ohun tí Eladio lè ṣe ju kó jókòó tì í lọ. Ó bẹ ìyàwó rẹ̀ títí, ó ní Wúńdíá kì í di èèyàn sínú. Obdulia kọ̀ jálẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ kí òkun gbé ọmọ mi ni?" ló bi í. "Fi mí lọ́rùn sílẹ̀, arúgbó. Èmi náà fẹ́ rí Yeison kí n tó kú, àmọ́ ohun tí mo fẹnu mi sọ, mo ti sọ ọ́."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ò wọ̀ ọ́ létí, Eladio lọ bá Yanelis, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn abúlé. Nọ́ọ̀sì bi í bóyá Obdulia ti yí ọkàn padà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ sì ni. Yanelis kó oògùn tí obìnrin náà ń lò tẹ́lẹ̀ fún un, ó ní hóró kan péré ni láàárọ̀, pẹ̀lú oúnjẹ.

"Tó bá gbàgbé tòní, ẹ má sọ ọ́ di méjì lọ́la o, Don Eladio. Oògùn yìí máa ń fa ṣúgà wálẹ̀ gan-an. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ń làágùn, tó ń gbọ̀n, ẹ tètè fún un ní nǹkan dídùn."

Láti ọjọ́ náà, Eladio tí kò se kọfí rí láyé rẹ̀ di ẹni tó ń jí se é. Àwọn ọkùnrin àdúgbò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní Obdulia ti gbé e níyàwó. Ó gbà fún wọn. Á fi ìdí ṣíbí lọ hóró oògùn kúnná, á dà á sínú kọfí kíkorò, á gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígún tì í, á sì dúró títí Obdulia yóò fi jẹ ẹ́ tán.

Obdulia kì í jáde wá mu kọfí kó má tíì gbàdúrà. Àwòrán Wúńdíá wà lára ògiri yàrá wọn, ife omi kan sì wà níwájú rẹ̀ bó ṣe máa ń wà nílé gbogbo èèyàn. Láràárọ̀ ni Eladio ń gbọ́ ọ láti ilé ìdáná: "Dárí jì mí, Màmá." Ó máa ń yà á lẹ́nu, nítorí kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí irú obìnrin yìí lè ní. Bí omi inú ife bá ti lọ sílẹ̀, òun ni ń bu òmíràn kún un. Oòrùn Palmarito kì í fi omi sílẹ̀. Lóṣooṣù, Obdulia á tún wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú lọ tan àbẹ́là, ó ní àbẹ́là abúlé kì í jó dáadáa.

Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kan, òógùn bo obìnrin náà, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pe Eladio. Eladio sáré fún un ní omi ìrèké, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Eladio gba ilé ìwòsàn lọ, ó bi Yanelis bóyá hóró kan lè ṣe irú èyí fún ẹni tó jẹun yó.

"Ó ṣòro," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ṣé ó dá yín lójú pé kan péré ni?"

Ó fi sàréè ìyá rẹ̀ búra. Yanelis ní kó mú un wá kí àwọn yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Obdulia ní ẹsẹ̀ òun ò ní tẹ ibẹ̀, ẹ̀jẹ́ ni ẹ̀jẹ́ ń jẹ́. Eladio gé hóró náà sí méjì, ó ń lo ìdajì. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ kò kúrò lójú rẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó sì padà sí odindi. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé Obdulia ṣubú lulẹ̀ nínú ọgbà kọfí, omi ìrèké kò sì gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá mọ́.

Ní ilé ìwòsàn ìlú, dókítà ní ṣúgà rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá, ó bèèrè ohun tó lò. Eladio jẹ́wọ́ hóró kan, ó sì sunkún. Dókítà mi orí, ó ní kò yẹ kí hóró kan ṣe báyìí. Obdulia kú láìlajú. Lọ́kàn ara rẹ̀, Eladio mọ ohun tó pa á: òun ló mú un da ẹ̀jẹ́ láìmọ̀, Wúńdíá sì ti rí i. Kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àní Yeison tó ń sunkún lórí fóònù.

Nígbà tí àdúrà ọjọ́ mẹ́sàn-án tí wọ́n ń gbà fún òkú pé, àwọn obìnrin tẹ́ pẹpẹ sí pálọ̀, wọ́n ní kí Eladio gbé Wúńdíá Obdulia wá láti yàrá. Oòrùn mú gan-an lọ́sẹ̀ náà, síbẹ̀ omi inú ife kò lọ sílẹ̀ látìgbà tí obìnrin náà ti kú.

Bó ṣe yọ àwòrán náà kúrò lára ìṣó, káàdì oògùn kan jábọ́ láti ẹ̀yìn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife omi, oògùn kan náà tí òun ń lọ̀ sínú kọfí, èyí tó pọ̀ jù nínú ihò rẹ̀ sì ti ṣófo.