Orin Ìkẹyìn Lára Ìjàpá

Alẹ́ méjì ni ẹnìkan ti fi ìṣó ha ara ìjàpá, mọ́tò kékeré àtijọ́ tí olóògbé olùkọ́ orin fi sílẹ̀ fún Dọ́kásì aya rẹ̀. Nọ́ńbà orin ni wọ́n ha síbẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, bíi ti pátákó ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ìyá, ẹ lọ sùn, màá bá yín ṣọ́ ọ," ni Lámídì ọlọ́dẹ wí lálẹ́ kẹta.

"Ìwọ tó ń hanrun kí oòrùn tó wọ̀?"

Dọ́kásì fúnra rẹ̀ ló wọ ẹ̀yìn mọ́tò, ó di tọ́ọ̀ṣì mú. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lára ilẹ̀kùn. Ó tan iná síta, kò rí ẹnì kankan. Ìró náà dúró, bí ẹni tó ń retí ìdáhùn.

Orí rẹ̀ wú. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti kọ orin méjì sí pátákó, a máa yíjú sí i pé, "Dọ́kásì mi, èwo la ó fi túká?"

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Olúwa mọ̀ pé kò tíì fẹ́ kí àwọn méjèèjì túká.

Níwájú rẹ̀, àga awakọ̀ dún. Ó ń rì díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ẹni tó sanra bá jókòó láti dúró deni.