Olúyọmí Tó Fẹ́ Dá Lé, Tó Tún Fẹ́ Dá Gbè

Ẹ̀yin tèmi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ sá lọ o. Ẹ fara balẹ̀, ẹ kà á délẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa, àmọ́ ẹ mú ẹ̀kọ́ dání.

1.
Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n jọ ń kọrin. Alárè Mẹ́ta lorúkọ ẹgbẹ́ wọn, Ìjàgún ni wọ́n sì ti pàdé nígbà tí wọ́n ń kàwé. Olúyọmí ló ń lé orin, Walter ọmọ Ìbẹ̀fún ló ń ta gìtá, Hikmah ọmọ Ayépé ló ń gbè. Ègbè tiẹ̀ yàtọ̀. Bí Olúyọmí bá fi ohùn dídùn lé e pé, "Olólùfẹ́, mi ò tíì sùn láti àná nítorí rẹ," Hikmah á kàn fi ohùn ẹ̀fẹ̀ dá a lóhùn pé, "Irọ́ ni!" Èrò á sì bú sẹ́rìn-ín.

Òkìkí wọn kàn dé Èkó. Ọlọ́kadà ń pe "Irọ́ ni!" fún èrò ẹ̀yìn rẹ̀, ìyàwó ń pè é fún ọkọ. Inú Olúyọmí ì bá dùn, àmọ́ nǹkan kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

"Èmi ni mò ń kọrin látòkè délẹ̀! Ọ̀rọ̀ méjì péré ni Hikmah ń sọ, òun ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Kí ló ṣe gan-an?"

Ìgbéraga ti wọlé nìyẹn, ó ti fa àga, ó ti jókòó.

2.
Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá fẹnu kò pé kí kálukú gbé àwo orin tirẹ̀ jáde, kí àwọn tó kù máa ràn án lọ́wọ́. Walter ló kọ́kọ́ ṣe tiẹ̀. Hikmah lọ, Olúyọmí ní ọ̀fun ń dun òun. Irọ́ funfun báláú! Ilé onígbàjámọ̀ ló wà, ó ń ya fọ́tò.

Nígbà tó kan Hikmah, ó pe Olúyọmí lórí fóònù.

"Yọmí, jọ̀ọ́, wá bá mi gbe orin kan ṣoṣo."

"Kí n wá gbè fún ẹ? Èmi? Ṣé orí ẹ pé báyìí?"

"Ó pé dáadáa. Ọ̀rẹ́ mi ṣáà ni ẹ́, ni mo ṣe pè ẹ́."

Kò lọ. Nígbà tó wá kan òun, Walter gbé gìtá wá bá a ní sítúdíò, Olúyọmí ní kó máa gbé e padà lọ, pé òun ò nílò ẹnikẹ́ni. Ó lé orin, ó tún gbè é fúnra rẹ̀. Ó sọ àwo náà ní *Èmi Nìkan Tó*.

Ìyá rẹ̀, tó ti kọ́ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbọ́ ọ, ó mi orí. Ó ní, "Olúyọmí, ẹni tó ń lé orin lójú títì, tó tún ń dá a gbè, ṣé o mọ ohun táwọn èèyàn ń pè é?"

"Mọ́mì, ayé ti yí padà!"

3.
Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn Ìjẹ̀bú tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ránṣẹ́ pe Alárè Mẹ́ta. Walter sáré wá, ó ń hó fún ayọ̀.

"Yọmí, Lọ́ńdọ̀nù ti dé! Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta!"

"Ẹ máa lọ. Mo ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àwo mi á gbé mi kọjá Lọ́ńdọ̀nù."

Ẹ wo ẹnu o! Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá pè é, kò ní gbé fóònù.

4.
Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ àwo pé. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Olúyọmí jáde nínú aṣọ funfun, ó gbé ohùn sókè: "Èmi nìkan tó, mi ò wá ẹnì kejì…" Ó dákẹ́ díẹ̀ kó lè mí.

Gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Irọ́ ni!"

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́, èrò ò mọ̀ pé àwọn ṣẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń bá a kọrin tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ó tún lé e: "Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kọ bíi tèmi…"

"Irọ́ ni!"

Inú bí i, ó ní kí wọ́n dá orin dúró. "Ẹ dákẹ́! Orin yìí ò ní ègbè!"

"Irọ́ ni!"

Ìyá rẹ̀ pàápàá fi gèlè bojú, ó ń rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó mọ́, fídíò náà ti wà lórí fóònù gbogbo ayé. Òun ni wọ́n ń wò, wọn ò gbọ́ àwo. Olúyọmí ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó sunkún. Ká má parọ́, àánú rẹ̀ ṣe mí.

5.
Oṣù mélòó kan kọjá kí ìtìjú tó jẹ́ kó lọ bá Walter àti Hikmah níbi tí wọ́n ti ń dánrawò. Wọ́n fò mọ́ ọn. Walter bu ìkọ́kọrẹ́ fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Hikmah ní, "A ti dárí jì ẹ́ tipẹ́."

"Ó dáa. Ìgbà wo la ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù?"

Ni ọmọbìnrin kan bá wọlé, ó kúnlẹ̀: "Ẹ káàbọ̀, sà." Tiwaladé lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń lé orin báyìí.

Hikmah di ọwọ́ Olúyọmí mú. "Yọmí, a dúró dè ẹ́, a pè ẹ́ títí. Ọmọ yìí ti fi gbogbo ara ṣiṣẹ́, físà ẹ̀ ti jáde. A ò bínú sí ẹ. Àyè ni kò sí mọ́."

Tiwaladé gbé àga kan wá síwájú wọn. "Ẹ jókòó síbí, sà, kẹ́ ẹ máa gbọ́ wa."

Walter ta gìtá. Olúyọmí jókòó pẹ̀lú àwo ìkọ́kọrẹ́ lórí itan. Nígbà tí orin parí, ó pàtẹ́wọ́ fún wọn bí àlejò ṣe máa ń ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kéèyàn gbé àwo tiẹ̀ jáde kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Walter àti Hikmah náà gbé e jáde, ó sì yẹ wọ́n. Ẹ kàn ṣọ́ra ni: ẹ má fojú tín-ín-rín ẹni tó ń gbè yín lẹ́yìn, torí àyè tẹ́ ẹ bá fi ìgbéraga fi sílẹ̀, ẹlòmíì lè ti jókòó sí i kẹ́ ẹ tó padà dé. Bẹ́ ẹ bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ pè é lónìí, kẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí i. Àwọn àgbà ò kúkú purọ́: ká rìn, ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹni.