Òfin Ẹ̀fọ́

Ẹran inú agolo kún ẹnu baálé ilé nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Ó sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀, ó lẹ̀ mọ́ ògiri bí aláǹgbá. Kò lè gbé e mì, kò sì lè tu ú dànù.

Ìyàwó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó fa ìgò wáìnì yọ lẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì òróró. Ìgbà tó yíjú padà ló rí ọkọ.

"Ẹ̀yin rèé, Bàbá Ìbejì?"

"Ìwọ náà?"

Àwọn méjèèjì ló jọ ṣòfin náà nítorí ìyá ọkọ, tí dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru: ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé ni kí gbogbo ilé máa jẹ, kí ọtí má wọlé, kí wọ́n má sì fi agolo àti ọ̀rá ba ilẹ̀ jẹ́ mọ́. Ìyá bú wọn títí. "Ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di ewúrẹ́ ni?"

Ọkọ ní, "Jẹ́ ká jáde, kí Màámá má baà ká wa mọ́bí."

Ṣùgbọ́n ihò lásán ló wà níbi tó yẹ kí ọwọ́ ilẹ̀kùn wà. Wọ́n fà á, wọ́n tì í, kò mira. Ìyá nìkan ló kù nílé tó lè ṣí i láti ìta.

"Màámá o!"

"Ẹ yéé pariwo."

Ẹ̀yìn àpò ìrẹsì ni ohùn náà ti wá. Ìyá jókòó sílẹ̀, ọ̀rá ẹran ń dán lágbọ̀n rẹ̀. Ọwọ́ ilẹ̀kùn tó kán ló dì mú.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, ìtìjú ni ò jẹ́ kí n jáde." Ó fa òórùn símú. "Ta ló wá ń wo ẹ̀fọ́ tó wà lórí iná?"